Ẹsẹ̀ Iná Tó Ń Tẹríba

Ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Kìíní

Òjò láti àárọ̀. Bu Wigati, ìyá tó jẹ́ ọ̀gá wa ní ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́, pe èmi àti Seto sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó bu tíì fún wa, ó sì sọ ohun tó fẹ́ sọ kí tíì náà tó tutù. Owó tí àdúgbò ń fún un kò lè gbé olùkọ́ méjì kọjá ìgbà òjò yìí. Ẹnì kan ṣoṣo ni yóò dúró.

"Ẹ pín àwọn ọmọ náà sí kíláàsì méjì," ó ní. "Ẹ fi kọ̀ǹpútà kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tan LED, àwọn iná wẹ́wẹ́ yẹn. Lọ́jọ́ tí a bá parí, kò ní sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ọmọ kọ̀ọ̀kan máa tan iná gidi lójú ìyá àti bàbá rẹ̀. Ibẹ̀ ni màá ti mọ ẹni tí màá mú."

"Nggih, Bu," Seto ní.

"Nggih, Bu," èmi náà ní.

Nggih ni à ń sọ fún àgbà kó lè mọ̀ pé etí wa kò di. Bóyá a gbà tàbí a kò gbà, ìyẹn kò kan àgbà náà.

Bí a ṣe jáde, Seto fi agbòòrùn rẹ̀ bo orí mi. "Mas Damar, ẹ má jẹ́ kí èyí da àárín wa rú o."

Mo ní kò lè dà á rú. Ó fi ọdún kan kéré sí mi, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní Mas, bí ẹ̀gbọ́n. Poli kan náà la lọ: èmi ka iṣẹ́ iná, òun ka ètò kọ̀ǹpútà. Ẹni tó mọ LED nínú wa yẹ kó hàn kedere sí ọlọ́gbọ́n. Tí Bu Wigati kò bá wá gbọ́n, ilé iṣẹ́ tófù bàbá mi, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe wàrà, ń dúró dè mí ní Blitar. Mo mọ òórùn ibẹ̀. Kì í dúró síbi iṣẹ́. Ó máa ń bá ènìyàn lọ sí ibi ìgbéyàwó.

Ọjọ́rú, 14 oṣù Kìíní

Kíláàsì àkọ́kọ́. Mo múra sílẹ̀ dáadáa.

"LED ní ẹsẹ̀ méjì," mo ní. "Èyí tó gùn ń lọ sí orí bátìrì. Èyí tó kúrú ń lọ sí ìdí rẹ̀. A sì gbọ́dọ̀ fi adènà sójú ọ̀nà, kí agbára iná má baà pọ̀ jù fún un. Ó yé yín?"

"Nggih, Mas," gbogbo wọn dáhùn.

Wọ́n fa àwòrán LED láti ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n gbé e sórí pátákó oníhò, wọ́n fa wáyà, wọ́n tẹ bọ́tìnnì. Pupa tàn lójú gbogbo kọ̀ǹpútà. Wulan, ọmọbìnrin tó ń jókòó níwájú, ti tan tirẹ̀ kí n tó dákẹ́. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà, mo kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ọ̀gá àgbà.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín láti òdìkejì ògiri pákó. Kíláàsì Seto. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. N kò mọ ohun tó ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ iná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 oṣù Kìíní

Bu Tumini, onílé wa, fi tẹ́ḿpẹ̀, ẹ̀wà sóyà díndín, kún oúnjẹ Seto. Ó ní Seto ti ń rù nítorí àwọn ọmọ náà. Mo wo Seto. Kò rù. Èmi ni mo rù. Mo gbé àwo mi súnmọ́ Bu Tumini díẹ̀, bóyá kò rí mi dáadáa.

"Damar, ìwọ ò fẹ́ràn tẹ́ḿpẹ̀, àbí?" ó ní.

"Nggih, Bu," mo ní. Ọ̀rọ̀ yẹn ti ń pa mí láti kékeré.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Kìíní

Mo gba iwájú fèrèsé kíláàsì Seto kọjá, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà ilé ìgbẹ́ gbà. Ọ̀nà mìíràn wà, ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀ sí ìyẹn.

"Kí lẹ máa ń ṣe tí ẹ bá fẹ́ gba iwájú àgbà kọjá?" Seto ń bi wọ́n.

"À ń tẹríba!"

"Ẹ tẹríba kí n rí i."

Gbogbo wọn dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, wọ́n ń kọjá níwájú rẹ̀. "Ẹ foríjì wá, à ń kọjá o! Ẹ foríjì wá, à ń kọjá!" Ẹnì kan ti ẹnì kejì, wọ́n wó lulẹ̀, ẹ̀rín bú.

"Ó dáa. Ẹ wo LED ojú kọ̀ǹpútà yín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wo ló tẹríba?"

"Èyí tó tẹ̀!"

"Ta ló ń lọ kí?"

"Orí bátìrì!"

"Ẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé láé. Ẹsẹ̀ tó tẹríba ló ń lọ kí àgbà."

Kì í ṣe owú ni mò ń jẹ. Ohun tí mo rí ni mò ń kọ. Gbólóhùn náà dára. Ó dára débi pé ó wù mí kó jẹ́ tèmi. Èmi ti fi ọ̀sẹ̀ kan sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ gígùn àti ẹsẹ̀ kúkúrú, n kò rí ẹni tó wó lulẹ̀.

Ìgbà tí mo dé ilé ìgbẹ́ ni mo tó rántí nǹkan kan, mo sì dúró sójú kan. Nínú àwòrán orí kọ̀ǹpútà, ẹni tó ya LED tẹ ẹsẹ̀ kan rẹ̀ ní orúnkún kí a lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ọgbọ́n ayàwòrán lásán ni. LED gidi kò ní orúnkún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nà ṣánṣán. Gígùn nìkan la fi ń dá wọn mọ̀.

Seto kò mọ̀. Ètò kọ̀ǹpútà ló kà.

Ó yẹ kí n kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nígbà tí mò ń padà. Mo gba ọ̀nà kejì, tí òjò ń rọ̀ sí.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 oṣù Kìíní

Iná lọ fún gbogbo ọ̀sán. Àwọn ọmọ kíláàsì mi jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tó kú, wọ́n ń wò mí, èmi náà ń wò wọ́n. Mo sọ̀rọ̀ adènà fún wọn. Wọ́n ní nggih.

Ní òdìkejì ògiri, Seto gbé ọmọ kan jókòó lórí àga, ó ní òun ni orí bátìrì. Àwọn yòókù ń tẹríba lọ bá a. Ẹni tí kò bá tẹríba, wọ́n á pariwo pé "Ò tàn! Ò tàn!" wọ́n á lé e padà. Àwọn ọmọ tèmi yí ojú sí ògiri bí àwọn tó ń wo tẹlifíṣọ̀n.

"Ṣé ẹ fẹ́ lọ síbẹ̀ ni?" mo bi wọ́n.

"Rárá o, Mas," Wulan ní, ó sì tẹjú mọ́ ògiri padà.

Ọjọ́bọ̀, 29 oṣù Kìíní

Òjò ti ba oko ata jẹ́. Iye tí wọ́n ń ta ìwọ̀n kan lónìí ni wọ́n ń ta ìwọ̀n méjì lóṣù tó kọjá. Bu Tumini ń ka ata ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú sàḿbálì, ọbẹ̀ ata wa. Mo fi ojú ara mi rí i pé ata inú ti Seto ju tèmi lọ.

Bu Wigati wọ kíláàsì wa méjèèjì. Nínú tèmi, ó wo ìwé àlàyé tí mo kọ nípa adènà, ó ní, "O ṣiṣẹ́ gan-an, Damar." Nínú ti Seto, ó pẹ́. Nígbà tó jáde, ó tẹríba díẹ̀ bó ṣe ń gba iwájú mi kọjá, ó sì rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀. Ọ̀gá wa. Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Mo pinnu pé n kò ní sọ nǹkan kan. Kì í ṣe èmi ló rán an. Jẹ́ kí ọjọ́ náà pé, kí àwọn ọmọ rẹ̀ wá orúnkún lára LED gidi, kí wọ́n má rí i. Tèmi mọ ẹsẹ̀ gígùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù Kejì

Wulan yọ adènà kúrò nínú tirẹ̀ láti wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ìràwọ̀ pupa bú jáde lórí LED náà lójú kọ̀ǹpútà, pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé agbára ti pọ̀ jù. Gbogbo wọn sáré wá wò ó. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ariwo sọ nínú kíláàsì mi. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi bá a wí.

Nígbà tó ń tún un ṣe, mo gbọ́ tó ń sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́ bó ṣe ń fa wáyà: "Ẹ foríjì mí, mò ń kọjá."

"Kí lo sọ?"

"Mo wúkọ́ ni, Mas."

Ikọ́ pọ̀ nígbà òjò.

Ọjọ́ Àìkú, 8 oṣù Kejì

Òjò ká mi mọ́ ọ̀nà ọjà. Seto ló bá mi pàdé lórí ọ̀kadà rẹ̀, ó bọ́ aṣọ òjò rẹ̀ fún mi, òun fúnra rẹ̀ rin gbingbin. A dúró jẹ bakso lábẹ́ àtíbàbà kan títí òjò fi dín kù. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọbẹ̀ rẹ̀, ó wá ní:

"Mas Damar, ẹ̀yin lẹ ka iná. Ẹ bá mi sọ òótọ́. Ṣé ohun kan wà tí mò ń fò nínú ohun tí mò ń kọ́ wọn?"

Mo wo bọ́ọ̀lù ẹran tó kù nínú abọ́ mi. Mo gé e sí méjì. Mo gé ìdajì náà sí méjì.

"Àwọn ọmọ rẹ fẹ́ràn rẹ," mo ní.

"Ẹ ṣeun, Mas." Ó rò pé mo dáhùn.

Òun ló sanwó. N kò lè fara da ìwà yìí mọ́. Ká ní ó burú díẹ̀ ni, ìbá rọ̀ mí lọ́rùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù Kejì

Ó ti parí. Mo máa kọ ọ́ bó ṣe lọ.

A to tábìlì sí gbọ̀ngàn, tèmi lápá òsì, ti Seto lápá ọ̀tún. Àwọn òbí jókòó sórí ẹní, wọ́n gbé ẹ̀pà sísè àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kalẹ̀. Bu Wigati pín nǹkan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan: pátákó oníhò, bátìrì kéékèèké tí a so pọ̀, adènà kan, wáyà, LED kan. Àárọ̀ òní gan-an ni àwọn nǹkan náà dé láti Surabaya. Ọmọ kankan nínú wọn kò tíì fọwọ́ kan LED gidi rí.

"Ó yá o," Bu Wigati ní.

N kò wo tábìlì mi. Apá ọ̀tún ni mo tẹjú mọ́, bí ẹni tó ń dúró de àkàrà kó pọ́n.

Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gentur gbé LED rẹ̀ sókè, ó yí i po, ó tún yí i po. "Mas Seto, tèmi ò tẹríba."

"Tèmi náà ò tẹríba!"

"Tèmi ń ṣagídí!"

Àwọn òbí rẹ́rìn-ín. Seto gba ọ̀kan, ó wò ó, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Gentur, tí kò lè dúró, fi èékánná tẹ ẹsẹ̀ kan fúnra rẹ̀. "Mo ti kọ́ ọ ní ìwà," ó ní fún LED náà. Àwọn yòókù rí i, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn ń tẹ ẹsẹ̀ tó bá súnmọ́ ọwọ́ wọn ni. Wọ́n fi èyí tí wọ́n tẹ̀ sí ọ̀nà orí bátìrì. Ibí tàn. Ọ̀hún ò tàn. Níbi tó pọ̀, kò tàn.

Mo jẹ adùn yẹn fún bí ìṣẹ́jú kan. N kò ní parọ́ fún ìwé ara mi. Ó dùn ju bakso lọ.

Nígbà náà ni ìyá kan lápá òsì pariwo: "Mas, ti ọmọ tèmi náà ò tàn o!"

Mo yíjú. Gbogbo tábìlì mi ń tẹ ẹsẹ̀ LED. Gbogbo wọn. Wulan ti tẹ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó kù díẹ̀ kó kán.

"Kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?" mo bi í. "Kí ni mò ń sọ láti oṣù tó kọjá? Ẹsẹ̀ gígùn!"

"Nggih, Mas." Ojú tì í. "Ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà, ẹsẹ̀ méjèèjì gùn bákan náà. A ò rí èyí tẹ́ ẹ ń sọ rí."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ẹ ti múra púpọ̀, Mas. A ò fẹ́ já yín kulẹ̀. A bi àwọn ti Mas Seto, wọ́n ní kí a wo èyí tó tẹríba."

Mo dúró síbẹ̀. Òótọ́ ni mo sọ fún wọn láti ọjọ́ kìíní, kò sì sí lọ́wọ́ ẹnì kankan. Àṣìṣe ni ti Seto, ó sì wà lọ́wọ́ gbogbo ọmọ inú gbọ̀ngàn náà.

"Àbí àwọn tó tà wọ́n rẹ́ wa jẹ ni?" Bu Wigati ń bi ara rẹ̀. Bàbá kan ti dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀.

Mo gun orí àga kan. Ǹ bá fẹ́ kọ ọ́ pé inú rere ló gbé mi síbẹ̀. Tábìlì mi tó ṣókùnkùn ló gbé mi síbẹ̀.

"Ẹ dúró!" mo kígbe. "Ẹ na ẹsẹ̀ méjèèjì padà. Ẹ fi wọ́n síra. Èwo ló ga jù?"

Wọ́n nà wọ́n. Wọ́n fi wọ́n síra. "Eléyìí!"

"Tí ènìyàn gíga àti ènìyàn kúkúrú bá fẹ́ gba iwájú àgbà kọjá, ta ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ jù?"

"Ẹni tó ga!"

"Ẹsẹ̀ tó ga ló gbọ́dọ̀ tẹríba!"

Ẹ̀rín bú lápá méjèèjì. "Tẹríba, ìwọ àgùnfọn yìí!" Gentur ń sọ fún LED rẹ̀. Wọ́n tẹ ẹsẹ̀ gígùn, wọ́n tì í bọ ihò. Pupa tàn. Àwọ̀ ewé tàn. Ọmọ méjì ti ṣẹ́ ẹsẹ̀ tiwọn. A fún wọn ní òmíràn, ó tàn. Ti Wulan tàn gbẹ̀yìn, ìyá rẹ̀ sì sunkún nítorí LED kan lásán.

Àwọn òbí rọ́ lọ bá Seto. "Mas Seto, ẹ mọ ọ̀nà tí ẹ fi ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ o! Ẹsẹ̀ tó ga ló gbọ́dọ̀ tẹríba! Ẹ gbọ́ bó ṣe dùn létí!"

Èmi ni mo sọ ọ́. Orí àga ni mo dúró sí nígbà tí mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó jọ ọ̀rọ̀ Seto, wọ́n sì gbé e fún un.

Bakso tí mo jẹ lálẹ́ kò ní iyọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 15 oṣù Kejì

Òjò. Mo fọ aṣọ. N kò mọ ìdí tí mo fi fọ aṣọ nínú òjò.

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù Kejì

Bu Wigati pè mí nìkan. Tíì kan. Mo ti palẹ̀ ọkàn mi mọ́ fún tófù.

"Seto wá bá mi láàárọ̀," ó ní. "Ó ní òun kò mọ̀ pé LED gidi kò ní ẹsẹ̀ tó tẹ̀. Ó ní òun fi àwòrán kọ́ ọmọ ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó tún ní ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ gíga yẹn, tìrẹ ni, kì í ṣe tòun."

Mo tẹjú mọ́ ife tíì náà.

"Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní ọjọ́ méjì kí n rò ó. Ó kọ̀. Ó ní ẹni tó mọ̀ ọ́n ló yẹ kó dúró. Nítorí náà, ìwọ ni, Damar." Ó ti ife tíì súnmọ́ mi. "Ọjọ́ yẹn gan-an lo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àṣìṣe rẹ̀, àbí?"

Ohùn rẹ̀ kò ní ìbéèrè nínú. Ó kàn fẹ́ ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ náà ni.

"Nggih, Bu," mo ní.

Ó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni mo sọ. Èmi kàn jẹ́ kó mọ̀ pé mo gbọ́ ohun tó sọ ni. Èdè wa dára púpọ̀.

Ọjọ́rú, 18 oṣù Kejì

Mo bá Seto gbé àpótí lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin. Ó ń lọ sí Tulungagung, kó lọ bá ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gé òkúta mábù. Bu Tumini ti di oúnjẹ fún un tó ìwọ̀n ẹrù ọmọ ogun.

A jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ó ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi di oúnjẹ náà ṣeré.

"Mas Damar, láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

Mo ronú nggih, kò bá ìbéèrè náà mu. "Ọ̀sẹ̀ kejì," mo ní. "Mo gba iwájú fèrèsé rẹ."

"Mo rò bẹ́ẹ̀." Ó mi orí. "Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ pé tẹríba níwájú yín lẹ máa ń wo ilẹ̀. Mo rò pé ẹ ń tẹríba ni." Ó wá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi, tí kò ní ẹ̀gún. Ó rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi dé.

"Ṣé inú ò bí ọ?" mo bi í.

"Ó bí mi lánàá. Ẹ bá mi gbé èyí sókè, Mas, ó wúwo."

Mo bá a gbé e. Ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó juwọ́ sí mi bí ẹni tó ń lọ síbi àsè. Mo ti ń jowú àwọn ọmọ rẹ̀, ata rẹ̀, gbólóhùn rẹ̀. Nígbà tí mò ń padà sílé, mo rí i pé mo ti fi ẹ̀rín yẹn kún un.

Ọjọ́ Ajé, 23 oṣù Kejì

Òjò dá. Kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà lápò mi, pẹ̀lú ìwé tí Bu Wigati fọwọ́ sí. A ti yọ ògiri pákó, kíláàsì méjèèjì di ọ̀kan. Mo ṣílẹ̀kùn kí ọmọ kankan tó dé, mo nu ojú gbogbo kọ̀ǹpútà.

Wọ́n wọlé. Wọ́n kí mi dáadáa. Wọ́n jókòó, wọ́n sì ń wo ẹnu ọ̀nà tó wà lẹ́yìn mi.

"Ta lẹ̀ ń wò?" mo bi wọ́n.

Gentur, tí kì í lè dákẹ́, ló la ẹnu. "Mas Damar, ìgbà wo ni Mas Seto máa dé?"

Mo ti fọwọ́ sí ìwé. Mo ti kọ̀wé sí Blitar pé kí wọ́n gba ẹlòmíràn síbi tófù. Ipò náà ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, kò sí ẹni tó lè gbà á.

"Kò ní dé," mo ní. "Èmi ló kù."

Wọ́n gbọ́. Ẹnu ọ̀nà náà ni wọ́n ṣì ń wò. Mo lọ pa ilẹ̀kùn dé, mo sì ní kí wọ́n tan kọ̀ǹpútà.